Itan Ọ̀tún Mọ́mì

Mo mọ egungun itan dáadáa. Ní yunifásítì, mo ti gbé e lọ́wọ́ rí, egungun tó gùn jù, tó sì lágbára jù lára ènìyàn. Orí rẹ̀ rí roboto bíi bọ́ọ̀lù kékeré, ó wọnú ihò egungun ìdí. Ọrùn rẹ̀ ló tín-ín-rín, ibẹ̀ ló sì sábà máa ń dá lára àgbàlagbà. Nínú ìdánwò àṣekágbá, mo kọ ọ́ pé egungun tí kò bá ru ẹrù ara yóò di aláìlágbára. Mo gba máàkì tó dára.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìyá tí mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní Oldham, nílùú òyìnbó, yọ̀ ṣubú níbi tí a ti ń wọ tírámù, ọkọ̀ ojú irin tó ń rìn láàárín ìlú, lọ́jọ́ tí yìnyín bo ilẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì la ti pàdé, Mọ́mì ni mo sì ń pè wọ́n. Itan ọ̀tún ló dá, lọ́rùn gan-an. Àwọn dókítà fi irin dè é, Mọ́mì sì padà wálé.

Físíò tó ń wá kọ́ wọn ní ìrìn, òyìnbó ọ̀dọ́kùnrin kan, ní kí wọ́n máa rìn láti orí àga dé ilé ìdáná lójoojúmọ́. Bó ṣe jáde báyìí ni Mọ́mì ní òùngbẹ ń gbẹ àwọn, mo sì ti gbé omi dé kí wọ́n tó parí ọ̀rọ̀. Bí mo ṣe ń ṣe nìyẹn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo gbé oúnjẹ, mo gbé fóònù, mo gbé Bíbélì. Ta ni yóò jókòó kí àgbà máa dìde? Mo rò pé ìfẹ́ ni. Ní tòótọ́, ẹ̀rù ló pọ̀ jù níbẹ̀: ẹ̀rù pé wọ́n á ṣubú lójú mi, ẹ̀rù pé àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì á ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé.

Nígbà tí físíò padà wá, Mọ́mì ò lè gbé ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ. Ó ní bí wọn ò bá lè dá dé ilé ìdáná kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló kù. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni Mọ́mì ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti dé ìlú yìí. Wọ́n kàn ń fọwọ́ pa itan wọn.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé ife omi sórí tábìlì ilé ìdáná, mo sì wá jókòó. Mọ́mì ní kí n bá àwọn gbé e wá.

“Ẹ má bínú, mà. Mi ò ní gbé e.”

Mọ́mì yíjú sí mi. “Ṣé ohun tí wọ́n kọ́ ẹ ní yunifásítì nìyẹn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Wọ́n ní kí n yáa dá ìwé ẹ̀rí yunifásítì náà padà fún àwọn tó kọ́ mi. Wọ́n di férémù tí wọ́n fi ń rìn mú, wọ́n dìde. Mo jókòó lé ọwọ́ mi méjèèjì kí n má baà nà án sí wọn. Wọ́n tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́lẹ̀, wọ́n dúró, wọ́n tún un tẹ̀. Mò ń fojú inú wo bí ìwúwo wọn ṣe ń gba orí egungun náà kọjá sí ọrùn tí irin wà, títí dé orúnkún. Ó pẹ́ kí wọ́n tó dé ibi tábìlì náà.

Wọ́n mu omi náà tán. Wọ́n tún bu omíràn sínú ife, wọ́n fara ti tábìlì.

“Wá gba tìẹ níbí. Èmi náà ò ní gbé e wá.”

Mo dìde, mo lọ kúnlẹ̀, mo fọwọ́ méjèèjì gbà á.