Ọjọ́ Tí Orí Kò Fọ́ Alfa

Inú ti ń bí mi kí n tó dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá wa ti sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lòun máa gbà mí láyè. Bí oògùn tí mo fẹ́ fi omi kùn bá bàjẹ́, a ó padà sídìí kẹ́míkà wa, kí n má sì dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́.

Ilé iṣẹ́ oògùn kékeré ni tiwa, ní Minna níbí, èmi ni mo sì ń yẹ oògùn wò kó tó jáde. Àwọ̀ pupa tó ń dán lára hóró oògùn yẹn, kẹ́míkà kan la fi ń pò ó; omi ni mo fẹ́ ká máa fi pò ó dípò rẹ̀. Bí páànù ńlá tí oògùn wà nínú rẹ̀ bá ṣe ń yí, tí a ń fọ́n ọn sí i, kẹ́míkà á fò lọ, àwọ̀ á kù. Ibo ló ń fò lọ? Imú ẹni tó dúró ti páànù ni! Èyí tó bá ṣẹ́ kù, gọ́tà.

Alfa ló ń dúró ti páànù. Ọmọ Ìlọrin ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú ní àdúgbò Soje bó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Ó ti wá ń gbàgbé ẹsẹ Kùránì níwájú àwọn ọmọ kéwú rẹ̀, àwọn ló ń rán an létí. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí wọ eegun, òun ni mo tìtorí ẹ̀ ń bá Ọ̀gá fa wàhálà.

Alfa fúnra rẹ̀ kò sì fẹ́ omi mi. "Ọmọ mi, ẹ jẹ́ n ṣe é bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ṣe." Gbogbo wa la gbà pé imú Alfa ju ẹ̀rọ lọ, pé imú ló fi ń mọ̀gbà tí àwọ̀ bá tó. Mo ní, "Kò burú, Alfa. Ẹ̀yin lẹ mọṣẹ́ yín. Bó bá ti tó, ẹ dá a dúró." Mo bá lọ yẹ oògùn mìíràn wò.

Nígbà tí mo padà dé, ó ṣì ń fọ́n omi aláwọ̀ sí i! Àwọn hóró oògùn ti lẹ̀ mọ́ra bíi súìtì tí oòrùn pa nínú àpò.

"Alfa! Kí lẹ ṣe yìí? Ẹ ti bá tèmi jẹ́!"

Mo pariwo mọ́ bàbá tó tó bàbá mi. Ariwo yẹn ló gbé Ọ̀gá jáde. Ó wo páànù, ó wò mí. "Haba! Ṣé n kò sọ ọ́?" Ó ní kí wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì kẹ́míkà wá, ká fi ṣe ìdajì oògùn tó kù tí a kò tíì kùn.

Alfa ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Orí mi ni kò fọ́."

A kò lóye.

"Imú mi kò gbọ́ òórùn mọ́, ó ti pẹ́. Orí ni mo fi ń mọ̀ ọ́n. Bó bá ti fọ́ mi dé ẹ̀yìn ojú báyìí, àwọ̀ ti tó nìyẹn. Lónìí mo dúró títí, kò fọ́ mi."

Ọ̀gá ní kí wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì náà padà.

Èmi pẹ̀lú Alfa la ṣe ìdajì tó kù. Mo ń wo aago, ó ń fọwọ́ pa hóró oògùn wò. Ó gbẹ, ó dán. Ọ̀gá mú ẹyọ kan, ó fi ìka ha á, àwọ̀ kò ṣí. "To, ó dáa. Ẹ máa bá omi yín lọ."

Ayọ̀ mi kò ṣeé fẹnu sọ. Mo yíjú sí Alfa kí n dúpẹ́, kí n sì bẹ̀ ẹ́ nítorí ariwo tí mo pa mọ́ ọn. Orí bẹ́ǹṣì ló jókòó sí, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ọmọ mi," ó ní, "ṣé orí kì í fọ́ ẹ̀yin yòókù lẹ́nu iṣẹ́ ni?"