Ẹ̀rọ Tí A Gbé Lọ sí Ilé-Kéwú

Òórùn tàdáwà tí wọ́n fi ń kọ wàláà ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, òun àti òórùn ẹní tí omi àlùwàlá ti rin, nínú yàrá ilé-kéwú kan ní Kinkinau, lápá àríwá níbi tí a ń gbé. Fèrèsé kan ṣoṣo ló ní. Àwọn ọmọ pọ̀ níbẹ̀ débi pé bí wọ́n bá ti ké kéwú fún wákàtí kan, oorun á ti máa gbé ìdajì wọn. Ibẹ̀ ni èmi àti Ẹ̀gbọ́n gbé ẹ̀rọ wa lọ.

Ẹ̀gbọ́n kì í ṣe ọmọ ìyá mi o. Ará Ìlọrin bíi tèmi ni, ó sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tún ẹ̀rọ ṣe nílé-iṣẹ́ aṣọ kan ní Makera kí wọ́n tó ti ibẹ̀ pa. Látìgbà náà làwọn èèyàn ti ń wò ó bí ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, ó sì ń dùn ún wọ eegun. Èmi ni mo rí àwòrán ẹ̀rọ náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì: fáànù kékeré tí ń fẹ́ atẹ́gùn gba orí efun ìkunlé tútù, kí efun náà lè fa afẹ́fẹ́ kábọ́nù mu, èyí tí èéfín ọkọ̀ ń tú jáde, tí àwa náà ń mí síta, tó sì ń mú ayé gbóná. Ọ̀fẹ́ ni àwòrán náà. Ẹni tó bá wù lè kàn án, kó tún un ṣe, kó sì kọ ohun tó rí síbẹ̀ fún gbogbo ayé. Ẹ̀gbọ́n kàn án, ó sì yí ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà padà lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò tíì rò.

A tan án lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a wọ kẹ̀kẹ́ lọ ra wáyà ní Makera. Nígbà tí a padà dé, àwọn ọmọ jókòó pìtìmù bí a ṣe fi wọ́n sílẹ̀, ṣùgbọ́n òǹkà ara ẹ̀rọ, tó ń wọn afẹ́fẹ́ kábọ́nù inú yàrá, ti wálẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì. Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́kún. Lọ́jọ́ náà gan-an ni mo kọ ọ́ síta, orúkọ rẹ̀ lókè, tèmi nísàlẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, èmi nìkan lọ gbé ẹ̀rọ náà wá. Àlfáà tó ń kọ́ àwọn ọmọ náà rẹ́rìn-ín sí mi.

“Àbúrò, ẹ̀rọ yín ò bínú sí wa? Àlejò kì í jókòó kí ọmọdé máa pariwo lé e lórí. Bí ẹ ṣe lọ lọ́jọ́ yẹn ni mo kó wọn lọ sábẹ́ igi dóńgóyárò. Ìgbà tí mo gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́ yín ni mo ní kí wọ́n sáré wọlé, kí ẹ má baà rò pé ẹ lé wa síta.”

Ìgbà náà ló yé mi. Efun kọ́ ló mú òǹkà wálẹ̀. Yàrá ló ṣófo, tí kò sẹ́ni tó ń mí níbẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé ẹ̀rọ, mo lọ, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni olùkọ́ kan kọ̀wé láti òkè òkun pé òun àtàwọn ọmọ kíláàsì òun ti ń kan tiwọn, gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀gbọ́n ṣe ṣe é. Síbẹ̀, mo panu mọ́.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, níbi àsàlátù ní Kabala Costain, wọ́n ní kí Ẹ̀gbọ́n dìde. Àwọn tó ń fojú di í tẹ́lẹ̀ ń pè é ní ẹnjiníà. Wọ́n ṣàdúà fún un títí, èmi náà sì ń ṣe àmín láàárín àwọn obìnrin, ohùn mi ròkè.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, n kò lè gbé e mì mọ́. Mo sọ fún un.

“Ìgbà wo lo ti mọ̀?”

“Láti Jímọ̀, Ẹ̀gbọ́n.”

“Lọ kọ ọ́ síta kíákíá, kí àwọn èèyàn yẹn má fi owó ṣòfò.” Lẹ́yìn náà ló wò mí. “Haba, àbúrò! Ẹ̀rọ lè tàn mí jẹ, kò lọ́kàn. Ìwọ jókòó síbẹ̀, o ń ṣe àmín.”

Mo kọ ọ́. Olùkọ́ náà dúpẹ́, àwọn mìíràn sì ń bá iṣẹ́ lọ lórí àwòrán náà títí dòní. Ẹ̀gbọ́n kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ yẹn mọ́. Bí a bá pàdé lójú ọ̀nà, a ó kíra wa, ó tán.

Ó pẹ́ tí mo fi ń sọ fún ara mi pé àánú Ẹ̀gbọ́n ló mú kí n panu mọ́. Ìwọ ọ̀rẹ́ mi tí mò ń sọ ọ́ fún, o mọ̀ mí, n kò lè purọ́ fún ọ: orúkọ tèmi náà wà lábẹ́ tirẹ̀, ó sì wù mí kó pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀ sí i. Ìwà ọmọlúàbí ló mú Àlfáà kó ọmọ jáde, àìmọ̀ ló mú Ẹ̀gbọ́n yọ̀. Irọ́ kan ṣoṣo tó wà nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà, ọjọ́ mẹ́ta péré ló gbà, èmi ni mo sì ni ín.