Ẹni Tó Ń Bá Wa Dáhùn Ìkíni Nídìí Ẹ̀rọ Páànù

Kí ẹnikẹ́ni má parọ́ fún yín pé òyìnbó ṣe wá lóore nígbà tó ń lọ. Òyìnbó tó ni ilé iṣẹ́ páànù ní Ìfọ̀nyìn kó bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó kó ajá rẹ̀, títí kan àwọn ìgò ọtí tó ti mu tán. Ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ páànù di ọmọrí ìkòkò nìkan ló fi sílẹ̀ fún wa, torí kò rí ẹni bá a gbé e. Bí òmìnira ṣe kan èmi nìyẹn. Ọkùnrin ará Àjàṣẹ́ kan tó ti bá òyìnbó náà ṣiṣẹ́ gba ilé iṣẹ́ náà, ó ní ká máa pe òun ní Ṣẹ́fù, ìyẹn ọ̀gá, a sì ń pè é bẹ́ẹ̀.

Lapírẹ́ẹ̀sì là ń pe ẹ̀rọ náà. Ó ga jù mí lọ, ó dúdú, epo ń kán lára rẹ̀ ṣáá. Iṣẹ́ rẹ̀ kò le: wàá fi ẹ̀mú ti páànù sí i lẹ́nu, wàá yọwọ́, lẹ́yìn náà ni wàá fẹsẹ̀ tẹ pẹ́dálì tó wà nísàlẹ̀. Gbàm! Irin òkè á já lu tìsàlẹ̀, páànù á di ọmọrí. Ohun tó le ni kí èèyàn má ṣe tẹsẹ̀ kó tó yọwọ́. Ṣẹ́fù kọ́ wa bí ìgbà tí wọ́n ń kọ́ ọmọ ní kéú: "Tì í, yọwọ́, tẹ̀ ẹ́! Tì í, yọwọ́, tẹ̀ ẹ́!" Ìyá mi ní mo máa ń wí i tí mo bá ń jẹun.

Ẹ̀rọ kọ́ ni wàhálà wa o. Ìkíni ni. Ojú ọ̀nà ọjà ni ilẹ̀kùn wa kọjú sí, gbogbo ẹni tó ń lọ sí ẹnubodè Nàìjíríà ló sì ń gba ibẹ̀ kọjá. "Ẹ kú iṣẹ́ o!" A ó gbójú sókè, a ó ní "Oò!" Ní ìlú wa, ẹni tí wọ́n kí nídìí iṣẹ́ tí kò dáhùn, àfi kó jẹ́ òkú. Ọ̀rẹ́ mi kan ló wà nídìí ẹ̀rọ lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kọjá tó sì kí wa. Kàkà kó dúró jẹ́ẹ́, ó ní òun fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ó tẹrí ba, fìlà bọ́ sẹ́nu ẹ̀rọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ pẹ́dálì. Gbàm! Fìlà àti páànù di ọmọrí kan ṣoṣo. Díẹ̀ ló kù kó jẹ́ orí tó ń dé fìlà ọ̀hún. Ẹ ò rí i, ọ̀rẹ́ mi ń sunkún fìlà, kò rántí orí!

"Atáńsíọ̀n! Atáńsíọ̀n! Ẹ ṣọ́ra!" Ṣẹ́fù ń fò sókè sódò. Ó fi ìṣó kan ọmọrí náà mọ́ ògiri, ó ní láti òní lọ, ẹni tó bá wà nídìí ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ kí èèyàn, kò sì gbọdọ̀ dáhùn.

Ọ̀rọ̀ dàrú. Gbogbo ìlú ní Ṣẹ́fù ti kó àwọn ọmọ aláìlẹ́kọ̀ọ́ jọ. Àwọn obìnrin búra pé ọmọrí Nàìjíríà làwọn ó máa rà. Ìgbà tí kò sẹ́ni tó ń rajà mọ́ ni Ṣẹ́fù bẹ ìyá ẹlẹ́pà tó ń pàtẹ lẹ́nu ọ̀nà wa pé kó máa bá wa dáhùn ìkíni, òun á máa ṣe é lóore. Yéè! Ìyá yìí gba iṣẹ́ náà tọkàntọkàn. Tí wọ́n bá ti ní ẹ kú iṣẹ́, á lọgun: "Oò! Wọ́n ń kí yín o! Wọ́n ní ilé ńkọ́? Wọ́n ní oyún ìyàwó yín ńkọ́?" A ò sì lanu rárá o. Ó ń bá mi bèèrè àlàáfíà àwọn tí mi ò fẹ́ kí wọ́n ní àlàáfíà.

Ní gbogbo ìgbà yìí, mo ń fẹ́ ọmọbìnrin kan ní Kó-Kúmólú. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Bàbá rẹ̀ ní oko ọ̀pẹ, mùsùlùmí gidi ni, kò sì sí ohun tó fẹ́ràn tó ìkíni láyé yìí. Ó ti lé ẹnì kan tó wá fẹ́ ọmọ náà dànù, torí pé ó dọ̀bálẹ̀, àyà rẹ̀ kò kanlẹ̀. Ó ní kó tó fún mi lésì, òun á wá wo irú èèyàn tí mo jẹ́ nídìí iṣẹ́ mi. Kò sọ ọjọ́ tí òun máa wá.

Ọjọ́ tí ìyá ẹlẹ́pà lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Ṣaada ló wá. Páànù kan ti wọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ, ẹ̀mú kò mú un, mo bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dálì, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ láti tún un tò.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

Mo mọ ohùn náà. Kí n tó ronú, orúnkún mi ti tẹ̀, ẹsẹ̀ mi ti sún síwájú, ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi sì ti gun orí pẹ́dálì. Ọwọ́ mi ṣì wà lẹ́nu ẹ̀rọ. Tí mo bá fi lè ní "oò" péré, tí ara mi sì mì, ó parí.

"Sàlámù aléékúmù," ni bàbá wí, ó súnmọ́ mi.

Mo dákẹ́. Òógùn ń wọ̀ mí lójú. Mo ń wo ọwọ́ mi, mo ń gbé ẹsẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí ikọ́ má gbé mi. Nígbà tí mo fi yọ ọwọ́ yẹn tí mo yíjú padà, bàbá ti dé ojú títì. Mo sáré tẹ̀ lé e, mo nà gbalaja sínú eruku níwájú gbogbo ọlọ́jà. Ó yà fún mi bí ẹni yà fún ìgbẹ́ màlúù.

"Ẹni tí mo fi sàlámù kí tí kò dáhùn," ó ní, "òun ni yóò wá fẹ́ ọmọ mi?" Ó bá tirẹ̀ lọ.

Mo sunkún lọ́jọ́ náà, mi ò ní purọ́. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n má sunkún, pé òun náà ṣòfò fìlà. Díẹ̀ ló kù kí n fọ́ ọ létí.

Ìgbà tí ìyá ẹlẹ́pà dé tó sì gbọ́, ó fa ọmọrí onífìlà yẹn yọ lára ògiri, kò gbàṣẹ lọ́wọ́ Ṣẹ́fù, ó di Kó-Kúmólú. Mi ò mọ ohun tó bá bàbá sọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bàbá padà wá, ó dúró síta títí tí mo fi pa ẹ̀rọ, ó sì ní kí n na ọwọ́ mi méjèèjì. Ó yẹ̀ wọ́n wò síwá sẹ́yìn bí ẹni ń ra iṣu.

"Wọ́n pé," ó ní. Ó bá gba ilé lọ.

Ọjọ́ ìdána, mo dọ̀bálẹ̀ lórí ẹní níwájú rẹ̀, àyà mi kanlẹ̀, imú mi kanlẹ̀, ikùn mi náà kanlẹ̀. Bàbá kò ní kí n dìde. Àwọn èèyàn mi bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn.

"Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ni bàbá wí. "Kò sí ẹ̀rọ kankan níhìn-ín. Mo kí èèyàn kan lọ́jọ́sí, mi ò tíì gbọ́ èsì."

Ìyá ẹlẹ́pà lọgun láti ẹ̀yìn: "Oò! Ó ń kí yín o! Ó ní ilé ńkọ́?"

"Ìyá, ẹ̀yin kọ́ ni mo kí."

Mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì sórí ẹní kí wọ́n lè rí ìka mi, mo sì fi ẹnu tó wà nílẹ̀ yẹn dáhùn:

"Oò, bàbá. Wà aléékúmù sàlámù."

Ó ní kí n dìde.