Ìrun Àílà Lára Ògiri Ṣọ́ọ̀ṣì

Èébú tí wọ́n fi Yorùbá bú ẹ̀rọ kan ló sọ èmi àti Àǹtí di ọ̀rẹ́. Ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn olùkọ́ ni, ní Kàdúná. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé síwájú obìnrin tó jókòó tì mí kò ṣí, ó sì ń bi í kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bóyá wọn kò kọ́ ọ nílé ni. Hausa ni gbogbo ẹni tó yí wa ká ń sọ, nítorí náà èmi nìkan ló rẹ́rìn-ín. Ó wo híjáàbù mi, ó ní, "Hàjíyà, ṣé o gbọ́ ohun tí mo sọ ni?" Mo ní ọmọ Ìlọrin ni mí. Ó ní ó mà ṣe o, òun ti rò pé òun ríbi bú nǹkan níkọ̀kọ̀.

Ọmọ Èkìtì ni, Kàdúná ni wọ́n bí i sí bí wọ́n ṣe bí èmi náà síbẹ̀. Ó jù mí lọ dáadáa, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní Àǹtí. Sabon Tasha ló ń gbé, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ìjọ wọn ní kọ̀ǹpútà. Èmi ń gbé Kinkinau, mò ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà nílé-ìwé mọ́sálásí wa. Kí rògbòdìyàn ẹ̀sìn tó pín ìlú sí méjì, tí odò sì di ààlà, Sabon Tasha làwọn òbí mi ń gbé, òdìkejì lọ́hùn-ún sì làwọn tirẹ̀ wà. Kálukú sá lọ sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí a ti pàdé ara wa lórí afárá pẹ̀lú ẹrù lórí, kí a má mọ̀.

Kọ̀ǹpútà ògbólógbòó ni àwọn ilé-ìwé wa méjèèjì ní, èyí táwọn ọ́fíìsì ti lò títí tó fi sú wọn. Ètò tí wọ́n ń rà lọ́jà láti darí kọ̀ǹpútà ti wúwo jù fún wọn. Àǹtí ló fi ètò ọ̀fẹ́ hàn mí, irú-ọmọ ètò àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Yúníìsì, tí ẹnikẹ́ni lè mú, kó ṣí inú rẹ̀, kó kà á, kó tún un ṣe, kó sì fún ẹlòmíràn. Ẹ̀yà kéékèèké ló pọ̀ níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo. A bẹ̀rẹ̀ sí í gé e, a ń tò ó, títí a fi ní tiwa, èyí tó fúyẹ́ tó sì gbọ́ Yorùbá. Àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Television la ti ń pàdé, ní ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, nítorí ibẹ̀ kò jìnnà jù sí èmi tàbí òun.

Bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ kò jọ ti àwọn tó kàwé rẹpẹtẹ. Ilé-kéwú ni mo ti kọ́ ìwé kíkà. Nídìí wàláà, ọmọ kan á máa ké e sókè, èkejì á máa fetí sí i, ibi tó bá ti ṣì í, ó di dandan kó padà sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń ka ètò wa. Èmi á kà á sókè ní ìlà-ìlà, Àǹtí á fi ìka tọ̀ ọ́. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ka Sáàmù ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn nìyẹn, àlùfáà ka ìlà kan, ìjọ ka ìkejì. Ọ̀pọ̀ àṣìṣe la fi ẹnu mú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún àwọn ọ̀sán yẹn. N kò ní irú wọn mọ́.

Ohun tó bí wàhálà kéré. Alfa tó jẹ́ olórí ilé-ìwé wa ní àwọn ọmọ ń jókòó ti kọ̀ǹpútà kọjá àkókò ìrun, ó sì béèrè bóyá ẹ̀rọ náà lè dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀ bí àkókò bá tó. Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ Àǹtí, àríyànjiyàn sì bẹ̀rẹ̀. Ètò wa ní ìpìlẹ̀, ó sì ní òkè. Ohun tó bá wà ní ìpìlẹ̀ ń wọ inú gbogbo ẹ̀rọ, ẹni tó ń lò ó kò sì ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ohun tó bá wà lókè, ilé kọ̀ọ̀kan ló ń fi síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Èmi ní kí aago ìrun wà lókè, nítorí kì í ṣe ti gbogbo ilé. Àǹtí kọ̀. Ó rán mi létí pé nígbà tí a tún ìpìlẹ̀ ṣe kẹ́yìn, àwọn àmì ohùn Yorùbá tí a tò sókè pòórá, a sì tún bẹ̀rẹ̀ láti òfo.

"Ohun tí mo bá ṣe fún ẹ, mi ò fẹ́ kó sọ nù."

Mo ní ìpìlẹ̀ kì í ṣe ibi tí wọ́n ń kó ẹ̀bùn sí, Àǹtí. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Wo ayé bó ṣe dorí kodò. Ìwọ lò ń kírun, èmi ni mò ń bẹ̀ ẹ́ kó o gba ìrun." Ó ní níléèwé àwọn, wọn kì í tan jẹnẹrétọ̀ kọjá aago mọ́kànlá àárọ̀, àkókò Àílà, ìrun ọ̀sán, kò lè bá ẹ̀rọ kankan níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ni ìpìlẹ̀ wà, òun ló sì mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Mo gbà.

Ó ṣe é bí ẹni ń ṣe ti ara rẹ̀. Ó pè mí lórí fóònù kó lè mọ bí a ṣe ń mọ àkókò Àlàásárì, ìrun ìrọ̀lẹ́, mo sì ṣàlàyé fún un bí a ṣe ń fi gígùn òjìji mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ kejì ó ri igi ìgbálẹ̀ mọ́ àárín ọgbà ilé-ìwé wọn, ó ń wọn òjìji rẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ bi í pé kí ló ń wá. Ó ní òun ń wá oòrùn.

Ọjọ́ ìkórè ìjọ wọn ni ọ̀rọ̀ náà tú síta. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà kan láti ilé-ìwé wá sínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń gbé ọ̀rọ̀ orin sára ògiri, kí gbogbo ènìyàn lè máa rí i kọ. Kí orin kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀, "Ẹ dìde" máa ń kọ́kọ́ hàn, ìjọ á sì dìde. Iná ìjọba kò lọ lọ́jọ́ náà. Ọrẹ ìdúpẹ́ gùn, ẹgbẹ́ kan ń wọlé tẹ̀ lé ẹgbẹ́ kan, wọ́n wà lẹ́nu rẹ̀ títí àkókò Àílà fi wọlé. Ògiri ṣókùnkùn. Lẹ́tà funfun gàdàgbà yọ, èyí tí Àǹtí ti mú kó tóbi kí àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn kíláàsì wa lè rí i: "Ẹ dìde. Àkókò ìrun Àílà ti wọlé."

Àwọn kan sì dìde. Èyí ló dun Àǹtí jù nínú gbogbo rẹ̀. Àwọn ìyá àgbà tó jókòó síwájú ti rí "Ẹ dìde," wọ́n ti wà lórí ìdúró kí wọ́n tó ka ìyókù. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ ń tẹ̀ ẹ́. Bọ́tìnnì kankan kò ṣiṣẹ́ mọ́, nítorí bẹ́ẹ̀ gan-an ni Alfa wa ṣe fẹ́ ẹ. Níkẹyìn ẹnì kan fa wáyà yọ lára ògiri.

Ó pè mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní òun ti sọ fún ìgbìmọ̀ ìjọ pé ọwọ́ òun ló kọ ọ́, wọn kò gbà á gbọ́. Wọ́n ní ó ń fi ara rẹ̀ bo ọmọbìnrin Mùsùlùmí kan tó ti ríbi wọlé sáàárín àwọn ọmọ ìjọ. Bí wọ́n bá sì gbà á gbọ́ ńkọ́? Ìyẹn tún burú jù. Wọ́n fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ yàrá kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ pa ètò wa rẹ́ kúrò lórí gbogbo ẹ̀rọ.

Ó wá ní, "Jẹ́ ká pín in. Tiyín lọ́tọ̀, tiwa lọ́tọ̀. Bóyá wọ́n á fi mí sílẹ̀."

Ètò ọ̀fẹ́ kò ní kí ẹnikẹ́ni má pín; ohun tó sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ gan-an nìyẹn. Àwọn tó jù wá lọ nínú iṣẹ́ yìí ń pín tiwọn lójoojúmọ́ lórí ọ̀rọ̀ tí kò tó èyí. Ṣùgbọ́n ní Kàdúná, ilé-ìwé ti pín, ọjà ti pín, ibi tí wọ́n ń sin òkú sí ti pín. Mo ní kí a gbé aago náà kúrò ní ìpìlẹ̀ dípò bẹ́ẹ̀, kí ó di aago lásán lókè, kí ilé tó bá fẹ́ ẹ kọ àkókò tirẹ̀ sí i. Àǹtí ní wọn kò ní fẹ́ aago òfìfo pàápàá bí wọ́n bá mọ ẹni tó bá òun gbé e kọ́. Mo ní kí ó jẹ́ kí n wá bá wọn sọ̀rọ̀. Ó ní kí n má wá lọ́jọ́ Jímọ̀, kí n má sì wá lọ́jọ́ Ìsinmi.

Mo gba àyè lọ́wọ́ Alfa. Ó káàánú gidigidi. Ó ní kí n sọ fún wọn pé òun ni òun béèrè fún un, fún àwọn ọmọ tòun nìkan, àti pé kò sí ipá nínú ìrun. Lẹ́yìn náà ó ṣàdúrà fún mi, ó sì ṣe fún Àǹtí náà.

Mo wọ kẹ̀kẹ́ dé Television, mo wọ òmíràn gba ọ̀nà Kachia lọ sí Sabon Tasha. Obìnrin tó jókòó tì mí fa àpò rẹ̀ mọ́ra nígbà tó rí i pé n kò bọ́ sílẹ̀ níbi tó rò pé n ó ti bọ́. Nínú yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni ìgbìmọ̀ jókòó sí. Mo kúnlẹ̀ kí Baba Ìjọ, bàbá arúgbó tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ó dá mi lóhùn dáadáa, ó ní kí wọ́n fún mi lómi. Àǹtí jókòó sí ìdí ògiri bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn.

Mo jíṣẹ́ Alfa. Lẹ́yìn náà mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo fi ibi tí aago ìrun wà hàn wọ́n, mo sì fi hàn bí a ó ṣe yọ ọ́. Ọkùnrin kan tó kéré sí àwọn yòókù, tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà díẹ̀, fara balẹ̀ wò ó.

Ó béèrè pé, "Bí ẹ bá yọ eléyìí, báwo la ṣe máa mọ̀ pé òmíràn ò sí níbẹ̀?"

"Kò sí ohun tó fara pamọ́ níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ lè kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin."

"Ta ló máa kà á?"

N kò fẹ́ wo ọ̀dọ̀ Àǹtí, àmọ́ ojú mi lọ síbẹ̀. Ojú gbogbo wọn lọ síbẹ̀. Nínú ìjọ náà, òun nìkan ló lè kà á, òun náà ni wọn kò gbẹ́kẹ̀ lé mọ́. Gbogbo ohun tí mo ti gbàgbọ́ nípa ètò tó ṣí sílẹ̀ fún aráyé fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Baba Ìjọ ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. "Ọmọ mi, o ṣeun tó o wá. Mi ò rí ibi lójú ẹ. Ṣùgbọ́n ilé tí mo fi sílẹ̀ lódìkejì, àwọn tí mo fọkàn tán ni wọ́n júwe ọ̀nà ibẹ̀ fún àwọn tó wá bà á jẹ́."

Mo fẹ́ sọ fún un pé ilé tí àwa náà sá fi sílẹ̀ kò jìnnà sí ibi tí a jókòó sí yẹn. Omi tí wọ́n fún mi ni mo dúpẹ́ rẹ̀.

Wọ́n ra ètò ọjà, èyí tó wúwo jù fún ẹ̀rọ wọn, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè ṣí inú rẹ̀ wò. Wọn kò mọ ẹni tó ṣe é, ìyẹn sì fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Àǹtí, wọ́n ní kó máa kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ìṣirò. Wọn kò lé e, ó sì ń dúpẹ́ fún ìyẹn. Èmi náà dúpẹ́, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn.

N kò retí rẹ̀ mọ́ ní Television nígbà tó wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tó jókòó síbi tó máa ń jókòó sí. Ó ti gbé aago náà kúrò ní ìpìlẹ̀. Ó ti tún un ṣe nílé, lórí ẹ̀rọ tirẹ̀, ó sì wá ọ̀nà tí ohun tó bá wà lókè kò fi ní pòórá mọ́. Ó ní, "O sọ òótọ́ níjọ́sí. Kà á."

Mo bi í pé pípín tí a sọ ńkọ́.

"Kí la fẹ́ pín, Hàjíyà? Ti ìjọ wa ti lọ."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè, ó fi ìka tọ̀ ọ́. A kò tíì dé ìdajì nígbà tí ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn, tí lẹ́tà funfun yọ. Ó ní, "Ó ṣiṣẹ́." Ó dìde, ó ti àga rẹ̀ sẹ́yìn kí àyè lè gbà mí láti tẹ́ ẹní. Mo ṣe àlùwàlá lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo wá kírun. Nígbà tí mo sálámà tán, lẹ́tà funfun ti lọ, ìka rẹ̀ sì wà lórí ìlà tí a dé. Ṣùgbọ́n kò wo ibẹ̀. Ojú pópó ló ń wò, bí ẹni tó ń ṣọ́ bóyá ẹnì kan láti ìjọ òun ń kọjá.