Ọjọ́ Tí Mi Ò Ké Ààlọ́

Ọ̀rẹ́ mi kan ń kọ́ àwọn ọmọ ní filosofí ní Sakété. Àwọn ọmọ náà máa ń gé oyè olùkọ́ kúrú bí wọ́n ṣe ń gé e lédè Faransé, "Purọ́ọ̀fù" ni wọ́n sì ń pè é. Èmi tí mi ò mọ bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ jẹ́ẹ́, "Purọ́-fún-wa" ni mo sọ ọ́ dà. Bí mo bá ti rí i, màá ní, "Purọ́-fún-wa, irọ́ wo lo pa fún wọn lónìí?" Òun náà á ní, "Tèmi ò kọjá inú kíláàsì. Ìwọ tó o gbé tìrẹ sórí rádíò ńkọ́?"

Kò parọ́. Mo máa ń sọ ìtàn lórí rádíò ní Pobè nírọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn ará oko bá ti wẹ̀ tán tí oúnjẹ ń bẹ lórí iná. Màá ké "Ààlọ́ o!" Mo sì mọ̀ pé láti Ahoyéyé títí dé Towé, àwọn èèyàn wà ní ìdí ààrò tí wọ́n ń dá rádíò lóhùn pé "Ààlọ̀!"

Ọ̀rẹ́ mi ló ní igbe yẹn ń ba iṣẹ́ mi jẹ́.

"Ta ló ń dẹ pakuté," ó ní, "tí á tún kọ ọ́ sára igi pé 'pakuté rèé'? Olùgbọ́ mọ̀ pé irọ́ ni. Ó gbà kí o tan òun jẹ ni. Àdéhùn ni. Kí lo tún ń pariwo rẹ̀ sí?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, pàápàá torí pé mo fẹ́ràn kí wọ́n pè mí ní ẹni tó lajú. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo fi ààlọ́ sílẹ̀. Mo kàn wọ inú ìtàn lọ bí ẹni wọ yàrá ara rẹ̀: "Aránṣọ kan wà ní Sakété, lábẹ́ igi ọdán tó wà lẹ́yìn ọjà. Etí rẹ̀ òsì ya bí ewé tí kòkòrò jẹ." Mo ní ọkùnrin yìí kúrò nílé nígbà èwe, ó sì búra pé aṣọ tí òun bá fọwọ́ ara òun rán lòun máa wọ̀ padà. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá rán an tán, ẹnìkan á dé tí kò ní aṣọ gidi kan lára, ọkọ ìyàwó ni o, ẹni tó ń lọ sìnkú bàbá rẹ̀ ni o. Á gbé e fún onítọ̀hún, á tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Tí wọ́n bá bi í pé ìgbà wo ló máa lọ sílé, á ní, "Ó kù díẹ̀ ká débẹ̀."

Inú mi dùn sí ara mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Orí mi ni mo ti fa gbogbo rẹ̀ yọ, bí ẹni fami nínú kànga. Mo rò bẹ́ẹ̀.

Kò pẹ́ sí i, obìnrin àgbàlagbà kan dé ẹnu ọ̀nà mi. Towé ló ti gun zémi, alùpùpù akérò wa, eruku pupa sì ti kùn ún dé ìpéǹpéjú.

"Ẹ̀yin ni Bàbá Rádíò?"

"Èmi ni, Ìyá. Ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó. Ẹ mú mi lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi."

"Ẹ̀gbọ́n yín wo?"

"Aránṣọ."

Obìnrin náà ní kí òun tó lọ́kọ ni ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin ti kúrò ní Towé lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, kò sì padà wá mọ́. Ní báyìí, ẹbí ti ní kí àwọn ṣe òkú rẹ̀ kí ọkàn àwọn lè balẹ̀. Òun nìkan ló takú, ó ní a kì í sin ẹni tó ṣì lè máa mí. Ibi tí wọ́n ti ń bá a jà lórí ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n wà nígbà tí rádíò sọ̀rọ̀.

"'Ó kù díẹ̀ ká débẹ̀,'" ó ní. "Bàbá wa ló máa ń sọ ọ́ nígbà tí a bá ń sunkún lójú ọ̀nà oko. Ilé wa nìkan ni mo ti gbọ́ ọ."

"Ìyá, ẹ má bínú. Àlọ́ ni."

"Ẹ ké ààlọ́?"

Mo fa àga sún mọ́ ọn.

"Mo ní, ṣé ẹ ké ààlọ́? Mo ti lanu láti dáhùn, ẹ ò ké e. Mo ní háà, ìròyìn rèé."

Mo kó gbogbo ìwé tí mo kà jọ, mo ń ṣàlàyé fún un pé èèyàn inú ìtàn kì í ṣe èèyàn. Ó gbọ́ mi dé òpin. Ó wá ní, "Ẹni tí kò sí, ta ló kọ́ yín ní ọ̀rọ̀ bàbá mi?"

Mo ní ká kúkú lọ sí Sakété, kí ó fojú ara rẹ̀ rí i pé kò sẹ́nì kankan lábẹ́ igi náà. A yà mú ọ̀rẹ́ mi níbi iṣẹ́. Mo kí i bí mo ṣe máa ń kí i, mo sì rò fún un ohun tó gbé wa wá. Ó rẹ́rìn-ín títí awò ojú rẹ̀ fi bọ́.

"Ìyá," ó ní, "ohun tí ojú rí gan-an, kò dájú pé ó wà bẹ́ẹ̀. Ká má tíì sọ ohun tí etí gbọ́ lórí rádíò."

Obìnrin náà wò ó látòkè délẹ̀. "Ṣé ẹ̀yin ni wọ́n ń pè ní Purọ́-fún-wa?"

Ẹ̀rín ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ṣì ń rín nígbà tí a kọjá ẹ̀yìn ọjà, tí mo rí igi ọdán náà. Ẹ̀rọ ìránṣọ kan wà lábẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin kan jókòó tì í. Etí rẹ̀ òsì ya.

Mo di ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi mú. Aránṣọ náà gbójú sókè, ó rí mi, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Háà, Bàbá! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta! Ṣòkòtò yẹn ṣì ń fún yín níkùn, àbí ikùn ti gbà fún un?"

Ẹni tí mo fẹnu ara mi dá, òun ló ń béèrè ṣòkòtò mi yìí! Ó tó ìgbà díẹ̀ kí ó tó yé mi. Ṣòkòtò mi ya nígbà kan tí mò ń sọ̀ nínú takisí ní Sakété. Abẹ́ igi yìí ni mo jókòó sí, tí mo ró ìró àyálò mọ́dìí, tí mò ń wo etí ẹni tó ń bá mi rán an. Mo gbàgbé gbogbo rẹ̀ pátá. Ohun tí mo gbàgbé ni mo wá ń pè ní ọgbọ́n inú mi.

"Kí wá ni ìwọ dá sílẹ̀ níbẹ̀?" ọ̀rẹ́ mi sọ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ìbúra yẹn," mo ní. "Aṣọ tó ń gbé fún èèyàn."

Obìnrin náà ti dé iwájú aránṣọ. Ó wo ojú rẹ̀ títí. Ọmọ tó lè bí ni. Apá rẹ̀ méjèèjì rọ wálẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ tí o máa ń sọ," ó ní, "'ó kù díẹ̀ ká débẹ̀,' ta lo ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀?"

"Ọ̀gá mi ni, Ìyá, tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Àjàṣẹ́. Ará Towé ni. Tí a bá bi í pé ìgbà wo ló máa lọ sílé, ohun tó máa ń wí nìyẹn."

"Ibo ló wà?"

Aránṣọ náà gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá. Ó ti lọ sinmi. Àìsàn ni. Àwa ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ la sin ín."

Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tó máa ń ní ọ̀rọ̀ fún ohun gbogbo bọ́ awò ojú rẹ̀, kò nù ún, kò sì wọ̀ ọ́ padà. Mo bi aránṣọ náà bóyá ó sọ ìtàn ọ̀gá rẹ̀ fún mi lọ́jọ́ ṣòkòtò yẹn. Ó ní òun kò rántí.

Nígbà tí a fẹ́ gbé ìyá náà gun zémi padà, ó yíjú sí mi. "Wọ́n máa ṣe òkú náà báyìí. Mi ò ní takú mọ́. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe gbé ayé. Tiyín yẹn lẹ máa wá sọ."

"Ìyá, ìbúra, aṣọ, irọ́ ni. Mo dá a sílẹ̀ ni."

"Bẹ́ẹ̀ náà lẹ sọ pé kò sí aránṣọ." Ó gun alùpùpù. "Ẹ máa bọ̀. Ẹ má sì ké ààlọ́ o."

Mo lọ. Wọ́n ta tapólì sí àgbàlá ní Towé, èèyàn kún abẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo dìde, àwọn tó mọ ohùn mi lórí rádíò ti ń lanu díẹ̀díẹ̀ láti dáhùn. Ààlọ́ wà lórí ahọ́n mi. Mo gbé e mì.

"Aránṣọ kan wà," mo ní.

"Ó wà," obìnrin náà dáhùn níwájú, gbogbo wọn sì gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Ó wà!"