Ọjọ́ Tí Wọ́n Kọrin Lé Ohùn Ìyá Mi Lórí

Mo fojú mi méjèèjì rí i kòrókòró. Ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ fún mi. Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé láéláé ni ọjọ́ tí ilé ìwé ọmọ mi ní Ìdímù pè mí pé kí n wá fi rédíò kásẹ́ẹ̀tì han àwọn ọmọ kéékèèké. Ta ni wọn ì bá tún pè? Ìwé mẹ́rin ni mo kà, ṣùgbọ́n kò sí rédíò tó kú tí n kì í jí.

Mo ki kásẹ́ẹ̀tì tí olóògbé ìyá mi ti ki oríkì mi bọ inú rédíò náà, mo tẹ̀ ẹ́ fún wọn gbọ́. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Mo dá a padà síbẹ̀rẹ̀, mo wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń ròyìn iṣẹ́ mi fún ọ̀gá wọn. Ìgbà tí mo máa wẹ̀yìn, tíṣà wọn, ọmọge kan báyìí, ti tẹ bọ́tìnnì pupa tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀, àwọn ọmọ ti ń kọrin sínú rẹ̀.

Mo figbe ta. "Kí lo ṣe yẹn?"

"Ẹ fara balẹ̀, Daddy. Ṣebí ti Màmá ṣì wà níbẹ̀? Bó ṣe ń rí lórí fóònù nìyẹn."

"Fóònù kọ́, fóònà ni! O ti pa á rẹ́!"

Mo tún un tẹ̀. Oríkì náà kò gùn; orin àwọn ọmọ nìkan ló kù. Ọmọge kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀ mí. Inú ń bí mi dòní.

Oríkì kan, ohùn ìyá kan. Méjèèjì ló lọ.