Fírémù fún Àwo Ẹlẹ́yẹ Méjì

Ọjọ́ Ajé ni mo fọ́ àwo ìyá ọkọ mi. Ọjọ́ Ẹtì ni ìyá náà ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta.

Àwo tánganran ńlá kan ni, wọ́n ya ẹyẹ méjì sí i, ó sì wà nínú fírémù igi dúdú lára ògiri pálọ̀ wa ní Trans-Ekulu, nílùú Enugu. Bàbá ọkọ mi ló rà á nígbà tí wọ́n jẹ́ akọ̀wé rélùwéè níbẹ̀. Nígbà tí bàbá kú, tí ìyá padà sílé, wọ́n ní kí àwo náà wà lọ́dọ̀ ọmọ wọn. Èmi ni mo ń fi ìgbálẹ̀ gbọn òwú aláǹtakùn lẹ́yìn rẹ̀ tí okùn tí a fi gbé e kọ́ fi já. Àwo fọ́ yángá, fírémù là sí méjì. Mo kó gbogbo rẹ̀ dànù kí ọkọ mi tó dé. Nígbà tó béèrè, mo ní mo gbé e lọ fún àtúnṣe.

"Ṣáà rí i pé ó ti wà lára ògiri kí Màámi tó dé," ló wí.

Ní Ọjọ́rú, mo rí òmíràn níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù tòkunbọ̀. Ẹyẹ méjì ló wà lára tiẹ̀ náà, àmọ́ ó kéré díẹ̀, ẹsẹ̀ àwọn ẹyẹ sì wà létí àwo gan-an. Mo gbé e lé itan nínú kẹ̀kẹ́ títí dé àdúgbò Asata. Gbogbo kòtò tí kẹ̀kẹ́ bá bọ́ sí, àyà mi á já.

Ọkùnrin tó ń kan fírémù níbẹ̀ ti dàgbà. Pijin la jọ ń sọ. Mo ní fírémù dúdú ni mo fẹ́, mo sì fọwọ́ júwe bó ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó. Ó mú ọ̀kan wá, ó gbé e lé àwo lórí. Ó jọ ti àtijọ́ débi pé orí mi wú. Ṣùgbọ́n igi náà bo ẹsẹ̀ àwọn ẹyẹ, àfi bíi pé wọ́n rì sínú ẹrẹ̀.

"Madam, èyí ò bá a mu." Ó fa òmíràn yọ, igi pupa tẹ́ẹ́rẹ́ tí inú rẹ̀ jìn dáadáa. Ó gbé àwo sínú rẹ̀, gbogbo etí rẹ̀ hàn, àwọn ẹyẹ sì dúró lórí ẹsẹ̀ wọn.

"Dúdú ni mo fẹ́."

"Kí ló dé?"

Mo tún nawọ́ sí èyí tó dúdú.

"Bí mo bá fi èyí tó nípọn tẹ̀ ẹ́, etí àwo lè sán. Kò ní jẹ́ ẹ̀bi mi o. Ẹ sọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́."

Ó di òòlù mú, ó ń wò mí. Ojú ìyá ò ríran tó tẹ́lẹ̀ mọ́. Bí mo bá mú dúdú, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má mọ̀ láéláé, kí èmi sì wá máa gbọ̀n nígbàkígbà tí wọ́n bá gbójú sókè.

"Ẹ fi pupa sí i." Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo kábàámọ̀. Nígbà tí ọkọ mi rí i lára ògiri, mo ní fírémù tuntun ni wọ́n fi tún un ṣe.

Ìyá ò tíì sọ báàgì kalẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì tí wọ́n fi wo ògiri. "Èyí kọ́ ni tiwa."

Ọkọ mi yíjú sí mi. Mo kúnlẹ̀. "Màámi, mo fọ́ ọ. Òmíràn ni mo rà."

"Àfọ́kù rẹ̀ ńkọ́?"

"Mo ti dà á nù, mà."

Ìyẹn ló dùn wọ́n jù. "O ò tiẹ̀ fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún mi?" Wọ́n wọ yàrá lọ, wọn ò jẹun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Màámi pè wá sí pálọ̀. "Ẹ yọ ọ́ níbẹ̀." Ọkọ mi yọ ọ́, ó gbé e fún wọn. Wọ́n nawọ́ sí ògiri tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. "Ibẹ̀ yẹn ni tiẹ̀. Ibi tí àwo bàbá yín wà tẹ́lẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Bí ọkọ mi ti ń kan ìṣó, wọ́n gbé àwo náà mọ́ àyà, wọ́n ń fi àtàǹpàkò ra igi pupa náà.

"Ta ló bá ọ yan fírémù yìí?"

"Ọkùnrin kan ní Asata ni, mà."

"Ó mọṣẹ́."

Wọ́n gbé e fún mi kí n gbé e kọ́. Mo gbé e sókè síbi ìṣó. "Rọra," ni wọ́n wí, wọ́n sì fi ọwọ́ tiwọn gbé ìsàlẹ̀ rẹ̀.